Ta Ló Ni Ọwọ́ Olùkọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò, ó sì lè dà bí ìbéèrè kékeré lójú. Bí ẹnìkan bá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní iṣẹ́ ọwọ́, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ṣe iṣẹ́ náà mọ́ àfi láti fi han ọmọ kíláàsì, tí ìfẹ́ iṣẹ́ náà wá jí padà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀lé e? Ọ̀pọ̀ nínú wa máa sọ pé, "Kí ló burú ńbẹ̀? Kó máa ṣe é lọ jàre." Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rọra. Owó oṣù tí olùkọ́ ń gbà, torí àwọn ọmọ ló ṣe ń gbà á. Àkókò rẹ̀ níwọ̀n. Agbára tó wà lápá rẹ̀ náà níwọ̀n. Tó bá bu díẹ̀ nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ tara rẹ̀, lára ta ló ti bù ú?

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe. Kóòdù ni mo ń kọ láti àárọ̀ dalẹ́, n kì í ṣe amọ̀kòkò. Ohun tó gbé mi dé ìdí amọ̀ ni pé dókítà ojú ní kí n wá nǹkan mìíràn fi ọwọ́ mi ṣe, kí ojú lè sinmi. Mo forúkọ sílẹ̀ fún kíláàsì ìkòkò mímọ tí wọ́n ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ló ń kọ́ wa. Láàárín ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ amọ̀ yìí kan náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga kan. Mà ni gbogbo wa ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni màá sì ṣe máa pè é níbí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí lára Mà ni pé kì í tọ́jú ìkòkò kankan. Á gbé amọ̀ lé orí kẹ̀kẹ́ tó ń yí bírí, á fi omi tọ́ ọ, ká tó ṣẹ́jú mẹ́ta, abọ́ tó dọ́gba ti jókòó síbẹ̀. Gbogbo wa á pariwo. Mà á wá mú wáyà tín-ín-rín, á là á láti ẹnu dé ìdí, á sì ṣí i sí méjì. "Ẹ wo inú ẹ̀. Ẹ wo bí ìdí ṣe nípọn sí, ẹ wo bí ara ògiri rẹ̀ ṣe gùn lọ sókè láìfẹ́ẹ́rẹ́ jù." Ó ń fi hàn wá pé tí ibì kan bá nípọn tí ibì kejì fẹ́lẹ́, èyí tó fẹ́lẹ́ máa tètè gbẹ, èyí tó nípọn á ṣì tutù, wọ́n á máa fa ara wọn títí ìkòkò á fi là. A ò lè rí i láìjẹ́ pé ó là á. Lẹ́yìn náà, á ju abọ́ méjèèjì sínú báfù amọ̀, ó di ẹrẹ̀ padà nìyẹn.

Ọdún 17 ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò. Gbogbo ohun tó dára tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe fún ọdún 17, ó fi wáyà là á kí àwọn ẹlòmíràn lè rí inú rẹ̀. Èmi ò mọ àpèjúwe mìíràn tó ṣàlàyé iṣẹ́ olùkọ́ ju ìyẹn lọ. Kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Iṣẹ́ ọlá ni.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, òjò dá àwa díẹ̀ dúró lẹ́yìn tí kíláàsì parí. Mà jókòó ti kẹ̀kẹ́, ó mọ ìkòkò kan tó ní ọrùn gígùn, kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó wá wò. Nígbà tó parí, ó mú wáyà lọ́wọ́, ó wo ìkòkò náà, ó sì gbé wáyà sílẹ̀. Mo ní, "Mà, ṣé ẹ ò ní là á ni?" Ó ní, "Fi í sílẹ̀." Ní Sátidé kejì, ìkòkò náà wà lórí pẹpẹ, wọ́n fi ọ̀rá bò ó kó má bàa tètè gbẹ. Nígbà tó fi máa tó oṣù méjì, wọ́n ti di 11.

Ọ̀rọ̀ dé. Ẹnìkan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ fún un pé irú ìgbádùn wo nìyẹn, nígbà tí iṣẹ́ àṣejáde àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí kó bá wọn wò ó. Kò bínú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tí èmi àti ẹ̀ jọ ń kó àpò amọ̀ wọlé, ó bi mí pé, "Ọmọ mi, ìwọ tó o máa ń ro nǹkan délẹ̀, bá mi dá a. Ṣé olè ni mo ń jà?"

N kò ní ìdáhùn tó dáa lọ́jọ́ náà. Mo sọ fún un pé, "Ẹ jẹ́ n lọ rò ó wò, Mà." Ohun tí mo rò náà ni mò ń kọ yìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nílẹ̀ wa kí ilé ìwé tó gbà á. Ní Ìpetumodù tó wà nítòsí Ilé-Ifẹ̀, àti ní Òkèlele ní Ìlọrin, àwọn obìnrin ló ń mọ ìkòkò, ọ̀dọ̀ ìyá tàbí ìyá àgbà ni ọmọ sì ti ń kọ́ ọ. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó kàn máa kọ́ni. Ìyá á jókòó, á máa mọ àmù tó fẹ́ tà. Ọmọ á jókòó tì í, á máa bá a po amọ̀, á máa bá a ṣa igi, ojú rẹ̀ á wà lára ọwọ́ ìyá. Àmù tí ìyá ń mọ kì í ṣe àpẹẹrẹ, ọjà ni. Tó bá fọ́ nínú iná, owó ọbẹ̀ ló fọ́. Ọmọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun náà máa jẹ nínú ọbẹ̀ ọ̀hún.

Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ìbéèrè Mà kò lè jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ tó ń kọ́ni ni ọwọ́ tó ń ṣe é. Ilé ìwé ló pín wọn sọ́tọ̀. Mi ò sọ pé ilé ìwé burú o. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́ ni, èmi tí ìyá mi kì í ṣe amọ̀kòkò, tí mo tún jẹ́ ọkùnrin, níbo ni màá ti fọwọ́ kan amọ̀? Ilé ìwé ṣí ilẹ̀kùn fún irú wa. Ó tún mú ìmọ̀ mìíràn wá: bí a ṣe ń wọn iná, bí a ṣe ń po glaze tó máa ń yọ́ di dídán lára ìkòkò. Ṣùgbọ́n ó gbé iṣẹ́ mìíràn lé olùkọ́ lórí pẹ̀lú. Ìwé orúkọ wà láti máa sàmì sí, ìdánwò wà láti máa máàkì, ìpàdé wà, lẹ́tà wà. Ohun tó ṣẹ́kù fún ọwọ́ ni ìṣẹ́jú mẹ́ta níwájú kíláàsì, àti wáyà. Kò sẹ́ni tó pa ìfẹ́ Mà. Ètò ló ń tì í díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bọ́ síta.

Ohun tó ṣe Mà yìí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan tó lórúkọ nínú ìtàn ìkòkò ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Michael Cardew ni, ọmọ Ìlú Ọba tí wọ́n bí ní 1901. Ó ti di amọ̀kòkò pàtàkì nílùú wọn kó tó wá síbí. Ní 1942, ó lọ sí Achimota ní Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní, láti máa bójú tó ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ amọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà níbẹ̀. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì fẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá tí yóò máa ṣe bíríkì àti ohun èlò amọ̀ lọ́pọ̀ yanturu. Alajo ni wọ́n dá a sí. Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ mọ ìkòkò di alábòójútó òṣìṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò yọrí sí rere, wọ́n sì tì í ní 1945.

Cardew ìbá padà sílé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó lọ sí Vume, abúlé kan létí odò Volta, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò tipẹ́tipẹ́ kó tó débẹ̀. Ó kọ́ ilé iná kékeré, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ìkòkò. Bí ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀. Iná máa ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ léraléra, àìsàn sì ń bá a jà, títí ó fi padà sí England ní 1948. Síbẹ̀, àwọn tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ ka àwọn kan lára ìkòkò Vume mọ́ èyí tó dára jù nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé.

Ẹ wá wo ohun tó tẹ̀ lé e. Ọkùnrin yìí ló wá sí Nàìjíríà lẹ́yìn náà, òun ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Abuja àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1952. Ibẹ̀ ni Ladi Kwali dé ní 1954, obìnrin Gbagyi tó ti kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀ láti kékeré, tí ìkòkò rẹ̀ sì ti wà láàfin Ẹ́míà Abuja kí Cardew tó mọ̀ ọ́n rárá. Ladi Kwali kì í jókòó ti ìkòkò ńlá. Á máa rìn yí i ká ni, bí ó ti ń fi amọ̀ kún amọ̀, tí ara ìkòkò ń ga sókè. Ó fi iṣẹ́ hàn níwájú èrò ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà. Ahmadu Bello University fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, àwòrán rẹ̀ sì wà lẹ́yìn owó 20 náírà tó wà lápò wa. Ó kọ́ni, ó sì fi iṣẹ́ han ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń fi hàn náà ni ohun tó ń ṣe. Ìkòkò rẹ̀ ń wọ iná.

Mo lè fi ìtàn yìí dá Mà láre kíákíá: ẹ wò ó, Cardew lọ ṣe tirẹ̀ ní Vume, ó sì padà di olùkọ́ tó wúlò. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò mọ síbẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin yìí wà létí odò Volta, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn ọkùnrin mẹ́ta wà ní England. Bó ṣe rí náà nìyẹn ní ọ̀pọ̀ ọdún tó lò ní Nàìjíríà. Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi í pé, àáké ta ni? Ìfẹ́ iṣẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹnìkan ló máa ń sanwó rẹ̀, kì í sì í ṣe ẹni tó ń gbádùn rẹ̀ ló máa ń san án nígbà gbogbo. Nítorí náà, ẹni tó sọ̀rọ̀ sí Mà kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó tọ́ ká béèrè ẹni tó ń sanwó.

Kí n tó dáhùn ìyẹn, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rò pé ó padà sọ́dọ̀ Mà gan-an, torí èmi ò gbà pé ìfẹ́ nìkan ni.

Amọ̀ tí a mọ tí kò tíì wọ iná, bó ti wù kó gbẹ tó, tí ẹ bá sọ ọ́ sínú omi, á padà di ẹrẹ̀. Ẹ lè tún un mọ nígbà 100. Ṣùgbọ́n tí iná bá ti gbé e kọjá nǹkan bí 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi tó so mọ́ ara amọ̀ fúnra rẹ̀ ti jáde lọ pátápátá. Kò lè di ẹrẹ̀ mọ́ láéláé. Ní 573 gan-an, yanrìn tí wọ́n ń pè ní quartz tó wà nínú amọ̀ á wú lójijì, nígbà tí iná bá sì ń lọlẹ̀, á tún sún kì. Tí iná bá sáré jù níbẹ̀, ìkòkò lè là. Fún irú ìkòkò líle tí Mà ń ṣe, iná á ṣì gòkè kọjá 1,200 kí glaze tó yọ́ dáadáa. Ní gbogbo wákàtí yìí, ilẹ̀kùn ilé iná wà ní títì. Amọ̀kòkò ti ṣe ohun tó lè ṣe, ó kù sọ́wọ́ iná.

Àwọn abọ́ tí Mà ń là fún wa kò wọ iná rí. Ìyẹn ni pé fún ọdún 17, kò sí ohun tirẹ̀ tó lè bàjẹ́. Ìkòkò àwọn ọmọ ló ń là nínú iná, òun á sì ṣàlàyé ohun tó fà á. Àlàyé rẹ̀ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí èèyàn mọ ìdí tí ìkòkò fi ń là, àti kó dúró ti ilé iná tí kò lè sùn torí pé tirẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ìdí Mà ti tutù tipẹ́. Ohun tó padà bá a lọ́jọ́ òjò yẹn ni ìpayà, ìpayà ẹni tó ní nǹkan tó lè pàdánù.

Mo mọ èyí láti inú iṣẹ́ tiwa. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á sọ ọ́ di ọ̀gá, iṣẹ́ rẹ̀ á wá di kó máa yẹ kóòdù àwọn ọ̀dọ́ wò. Àwọn kan á wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún láìkọ tiwọn. Ọ̀rọ̀ wọn á ṣì dùn. Ṣùgbọ́n wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Nǹkan kékeré nìyẹn, ọjọ́ méjì ni," nípa iṣẹ́ tó máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọn ò purọ́ o. Ó kàn ti pẹ́ tí fóònù ti jí wọn ní aago méjì òru torí kóòdù tí ọwọ́ wọn kọ. Wọ́n ti gbàgbé bí iṣẹ́ náà ṣe wúwo tó, ọmọ iṣẹ́ ló sì ń ru ìgbàgbé wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé kóòṣì bọ́ọ̀lù kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́, síbẹ̀ ó ń kọ́ni. Mo gbà. Ṣùgbọ́n tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀ léra, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé. Nǹkan tirẹ̀ wà nínú iná. Kò pọn dandan kó jẹ́ orí kẹ̀kẹ́ amọ̀ ni olùkọ́ ti máa rí ìpayà tirẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ó gbọ́dọ̀ rí i níbì kan, àti pé fún ẹni tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọwọ́, ibi tó sún mọ́ ọn jù ni kó máa ṣe iṣẹ́ ọ̀hún.

Ká wá padà sórí owó. Ta ló ń san án? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Olùkọ́ tó bá ń fi amọ̀ ilé ìwé mọ tirẹ̀, tó ń ní kí ọmọ ilé ìwé wá bá òun po amọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó kó tirẹ̀ kún ilé iná tí àyè kò fi sí fún ti ọmọ tó ń dúró de ìdánwò, èmi náà máa pè é ní olè, ìkòkò rẹ̀ ì báà rẹwà bí oòrùn. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì tún wà tí kì í tètè hàn: kí olùkọ́ fẹ́ràn tirẹ̀ débi pé gbogbo ọmọ kíláàsì á máa mọ ìkòkò tó jọ tirẹ̀.

Mà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ra amọ̀ tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó fi máa ń sinmi ló fi ń mọ ọ́n. Ó ra sílíńdà gáàsì lówó ara rẹ̀, nígbà tí gáàsì wọ́n gógó, ó sì dúró títí ilé iná fi ṣófo. Ẹni tó ń gbádùn ló ń sanwó.

Ìkòkò 11 ló wọ iná. Mẹ́rin bàjẹ́: méjì là nídìí, ọ̀kan tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, glaze ti ìkẹrin ṣàn sílẹ̀ ó sì lẹ̀ mọ́ pẹpẹ ilé iná. Ìkòkò ọlọ́rùn gígùn ọjọ́ òjò wà lára àwọn tó là. Mà kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí kíláàsì, ó tò wọ́n sórí tábìlì, ó ń sọ ohun tó fura sí fún wa. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láàárín wa, tí abọ́ tirẹ̀ ti là lẹ́ẹ̀mejì tó sì ti ń sọ pé òun ò wá mọ́, ní, "Ẹn-ẹ́n, Mà, tiyín náà máa ń là?" Mà ní, "Ṣé iná mọ olùkọ́ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin yẹn kò fi kíláàsì sílẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, àwọn abọ́ tí Mà ń là ti kọ́ wa bí inú ìkòkò tó dára ṣe ń rí. Tábìlì ọjọ́ yẹn kọ́ wa bí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe ń gba àdánù, tó sì tún padà sídìí kẹ̀kẹ́. A ò lè rí ẹ̀kọ́ kejì yìí lára olùkọ́ tí nǹkan tirẹ̀ kò wọ iná. Kò sí bó ṣe lè fi ẹnu lásán sọ ọ́ ká gbà á gbọ́.

Nítorí náà, ìdáhùn mi rèé, Mà. Ẹ ò jalè. Ọwọ́ yín, ti àwọn ọmọ ni fún wákàtí tí wọ́n sanwó rẹ̀, ẹ má yẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn wákàtí yẹn, tiyín ni, ẹ ò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé. Tí èrè ohun tí ẹ ń fi ṣe bá padà wọnú kíláàsì, ọpẹ́ ni. Tí kò bá padà wọ̀ ọ́, tiyín náà ni. Èèyàn ni yín kí ẹ tó di olùkọ́, ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ló sì kọ́kọ́ gbé yín dé ìdí amọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ní kí ẹ wá kọ́ òun.

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ wá wákàtí mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ fi owó ara yín ra ohun tí ẹ máa lò. Ẹ ṣe ohun kan tó lè bàjẹ́, tó sì jẹ́ pé orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Tó bá bàjẹ́, ẹ gbé e wá kí àwọn ọmọ iṣẹ́ yín rí i.